Igi Kú, Odò Ò Kún: Kòkòrò Abẹ́-Èèpo àti Omi Orí Òkè ní Colorado

Orísun odò Colorado wà ní Grand County, lápá ìwọ̀-oòrùn àwọn òkè Rocky ní Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí ọdún 1996 títí dé 2013, kòkòrò kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ pa igi páìnì ibẹ̀ débi pé ẹni tó bá gun òkè wo ìsàlẹ̀ kò rí igbó tútù mọ́. Pupa yòò ni, bí ilẹ̀ tí wọ́n da epo lé. Kárí ìpínlẹ̀ Colorado, igbó tí kòkòrò náà fọwọ́ kàn tó mílíọ̀nù 3.4 éékà.

Ká ní igbó lásán ni, ọ̀rọ̀ gẹdú ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n igbó yìí ló ń gba yìnyín tó ń di omi mímu fún àwọn tó ń gbé lẹ́yìn òkè. Àwọn òkè Rocky pín omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ́nà méjì: apá ìwọ̀-oòrùn ni yìnyín pọ̀ sí, apá ìlà-oòrùn sì ni èèyàn àti oko pọ̀ sí. Láti 1938 sí 1957 ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe iṣẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní Colorado-Big Thompson. Wọ́n sé odò di adágún Granby. Ẹ̀rọ ń fa omi láti ibẹ̀ gòkè lọ sí adágún Shadow Mountain, ó ń dé Grand Lake, ó sì ń wọ ihò abẹ́ òkè tí wọ́n sọ lórúkọ Alva B. Adams. Kìlómítà 21 ni ihò náà. 1947 ni omi kọ́kọ́ gbà á kọjá. Omi tó ń gba ibẹ̀ lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba, ju 200,000 éékà-ẹsẹ̀ lọ. Éékà-ẹsẹ̀ kan ni omi tó lè bo éékà ilẹ̀ kan ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn nǹkan bíi 1,233 mítà kúbíìkì. Fort Collins, Loveland àti Greeley wà lára àwọn ìlú tó ń mu ún. Gbogbo àwọn tó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ tó mílíọ̀nù kan.

Nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí kú, ohun tí àwọn tó ń bójú tó omi fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé omi yóò pọ̀ sí i ni, àbí yóò dín kù? Èyí tó pọ̀ nínú wọn ló retí pé yóò pọ̀. Èrò náà kì í ṣe èrò òpè. Ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò ò gbọ́ tirẹ̀.

Bí igi ṣe ń kú

Mountain pine beetle ni wọ́n ń pe kòkòrò náà níbẹ̀. Kì í ṣe àlejò, ọmọ ilẹ̀ ni. Òun àti igi páìnì ti jọ ń gbé láti ayébáyé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, pàápàá oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, abo á gbẹ́ ihò gba èèpo wọlé, á sì máa tú òórùn tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Igi tí ara rẹ̀ le á da oje bò ó, á fi oje náà tì í síta. Èyí ló ń dì mọ́ ara igi bíi gúgúrú. Igi tí ọ̀dá ti mú kò ní oje tó tó bẹ́ẹ̀, bí kòkòrò bá sì ti ya bò ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, apá rẹ̀ ò ní ká wọn.

Ìdin ń jẹ abẹ́ èèpo yí igi ká. Ṣùgbọ́n ohun tó kan ọ̀rọ̀ omi jù ni ebu (fungus) aláwọ̀ búlúù tí kòkòrò gbé wá lára. Ebu yìí ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà láti gbòǹgbò gòkè, nítorí náà igi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má mu omi mọ́ kí ewé rẹ̀ tó yí àwọ̀ padà rárá. Ó ṣì tútù lójú, àmọ́ ó ti kú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ewé á pọ́n. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ewé á ti gbọn dànù tán, igi á wá dúró ní eérú-eérú bí òpó. Àwọ̀ mẹ́ta yìí, tútù, pupa, eérú, ni gbogbo àwọn tó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, nítorí pé yìnyín ń hùwà ọ̀tọ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun mẹ́ta ló ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò. Ọ̀dá ọdún 2002 le gan-an. Ìgbà òtútù ò tutù tó mọ́: láàárín ìgbà òtútù, ìdin ń ṣe èròjà kan sára tí kì í jẹ́ kó dì, òtútù tó súnmọ́ −40 °C ló lè pa púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀pọ̀ igi páìnì lodgepole ibẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, wọ́n hù lẹ́yìn iná àti igi gígé ìgbà àtijọ́, wọ́n sì jọ tóbi lẹ́ẹ̀kan náà. Kòkòrò yìí ò fẹ́ràn igi tínrín. Èyí tí ìbú rẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ ló ń wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ìdí tí wọ́n fi retí omi púpọ̀

Igi tó wà láàyè ń ná omi lọ́nà méjì. Gbòǹgbò ń fà á, ewé ń tú u sáfẹ́fẹ́. Ewé yìí kan náà sì ń gba yìnyín mú lókè kó tó balẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ orí òkè á wá sọ ọ́ di oru láìjẹ́ kó yọ́ rárá. Nínú igbó ìwádìí Fraser, tó wà ní Grand County yìí kan náà láti 1937, yìnyín tó ń bá oru lọ láti orí ẹ̀ka tó ìpín 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èyí tó bọ́. Bí igi bá kú, ó yẹ kí ìnáwó méjèèjì yìí dúró.

Ẹ̀rí sì wà. Ní igbó Fraser náà, odò kékeré kan ń jẹ́ Fool Creek. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sínú rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 289. Láàárín 1954 sí 1956, wọ́n gé nǹkan bí ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún igi ibẹ̀, ní ọ̀já-ọ̀já, wọ́n dá ọ̀já kan sí láàárín èkejì. Omi odò náà lọ sókè ní kedere, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún; oṣù Kárùn-ún, nígbà tí yìnyín ń yọ́, ni púpọ̀ nínú àfikún náà ń dé. Ṣáájú ìyẹn, ní àwọn ọdún 1940, kòkòrò mìíràn ti pa igi spruce lórí òkè pẹrẹsẹ White River, lápá ìwọ̀-oòrùn Colorado, àwọn tó wọn odò ibẹ̀ sì ròyìn pé omi pọ̀ sí i. Pẹ̀lú irú ẹ̀rí báyìí, ta ni kò ní máa ka owó tí kò tíì wọlé?

Ohun tí odò sọ

Joel Biederman, onímọ̀ nípa omi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ibi mẹ́jọ ní orísun odò Colorado tí igi ti kú púpọ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 2015. Omi ò pọ̀ sí i bí a ṣe retí. Ní 2016, ìwádìí mìíràn kó ilẹ̀ odò 33 pọ̀ káàkiri ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ibi kan náà ló já sí, ipa kòkòrò lórí iye omi odò kéré. Níbo wá ni omi náà gbà?

Ohun àkọ́kọ́ ni oòrùn àti afẹ́fẹ́. Nígbà tí ewé wà lórí, ó ń jí yìnyín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tún ń ṣíji bo èyí tó ti balẹ̀. Ní igbó tó ti di eérú-eérú, ìwádìí kan ní Colorado (2012) rí i pé yìnyín ilẹ̀ fi nǹkan bí ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti abẹ́ igi tútù lọ. Ẹni tó bá dá ìwọ̀n dúró níbẹ̀ á ní omi ti pọ̀. Àmọ́ oòrùn ti wá ń ta sórí yìnyín náà tààrà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lé e, ó sì ń di oru láti ilẹ̀ dípò kó di oru láti orí ẹ̀ka. Olè kan lọ, òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn igi kéékèèké tí kòkòrò fojú fò ni èkejì. Àwọn tí ìbú wọn ò tó sẹ̀ǹtímítà 20, pẹ̀lú àwọn igi fir tó ti ń gbé lábẹ́ òjìji, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n rí omi, wọ́n ń yára dàgbà, wọ́n sì ń mu ohun tí àwọn àgbà fi sílẹ̀. Koríko àti igbó ṣúúrú náà ò gbẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, igi kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Ibì kan ti di eérú-eérú nígbà tí ibòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Èyí ló ya ọ̀rọ̀ kòkòrò sọ́tọ̀ sí ti Fool Creek. Àáké ò dá ọmọdé sí, ó ń kó gbogbo igi kúrò lẹ́ẹ̀kan, igi tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀já tí wọ́n gé sì ń dá afẹ́fẹ́ dúró lórí yìnyín. Kòkòrò ń fi òpó igi sílẹ̀, ó ń fi ọmọ igi sílẹ̀. Láti fi ìṣirò igi gígé sọ ohun tí kòkòrò máa ṣe, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà.

Kì í ṣe pé kò sí ohun tó yí padà o. Nígbà tí igi wà ní pupa, ewé ń já sórí yìnyín, yìnyín á dúdú, á máa gba ooru oòrùn sára. Ó lè yọ́ tán ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ti abẹ́ igi tútù. Ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe nǹkan ńlá fún adágún tó láyè. Fún ìlú kékeré tí kò ní adágún, tó ń fa omi láti inú odò tààrà, omi ọ̀sẹ̀ yẹn ni yóò máa wá kiri ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, ní apá odò Big Thompson, ìwádìí tó jáde ní 2014 fi èròjà inú omi tọpasẹ̀ ibi tó ti wá: lẹ́yìn tí kòkòrò jà, ipa tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń kó nínú odò ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn fi nǹkan bí ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i (ó lè fi 15 dín tàbí lé). Gbòǹgbò tó yẹ kó fa omi yẹn ti kú. Iye omi ọdún kan lè má yí padà, kí ọ̀nà tó gbà wá yí padà pátápátá. Ọ̀nà náà ló sì bí wàhálà tó tẹ̀ lé e.

Omi tó gba inú ewé jíjẹrà

Omi tí gbòǹgbò ò fà mọ́ ń rìn lábẹ́ ojú ilẹ̀, láìjìn. Ó ń gba inú ìpele ilẹ̀ tí ewé páìnì ti ń jẹrà kọjá, ó sì ń fà èròjà ara ewé dání bí omi agbo ṣe ń fà ewé. Àwọn òṣìṣẹ́ omi ń fi káábọ́ọ̀nù wọn ọ́n. Káábọ́ọ̀nù yìí fúnra rẹ̀ kì í pààyàn. Ìgbà tó bá pàdé kílórínì tí a fi ń pa kòkòrò àrùn ló ń di ẹgbẹ́ èròjà tí wọ́n ń pè ní trihalomethane, tí chloroform wà lára wọn, tí wọ́n sì so mọ́ àrùn jẹjẹrẹ téèyàn bá ń mu wọ́n fún ọdún gbọọrọ. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí àpapọ̀ wọn ju 80 máíkírógíráàmù nínú lítà kan lọ.

Ní 2013, ìwádìí kan fi ilé iṣẹ́ omi ní Colorado tí igbó wọn ti kú wé àwọn tí igbó wọn ṣì tutù. Káábọ́ọ̀nù àti trihalomethane ga jù ní ti igbó òkú. Èyí tó yẹ kó gba àfiyèsí jù ni àkókò tó ń ga. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ omi orí òkè mọ̀ pé oṣù Kárùn-ún àti Kẹfà ni káábọ́ọ̀nù ń gòkè, nígbà tí yìnyín ń yọ́ tí odò ń rú. Ó ń fi kún álọ́ọ̀mù nígbà náà, ó sì ń dín in kù bí omi bá ti tòrò. Ní igbó òkú, trihalomethane ń ga ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tí ewé ń wọ́. Omi tòrò lójú, kò rú rárá, òṣìṣẹ́ ti dín álọ́ọ̀mù kù, omi sì gbóná ju ti ìgbà ìyọ́ yìnyín lọ. Kílórínì àti káábọ́ọ̀nù ń yára ṣiṣẹ́ nínú omi tó gbóná, wọ́n sì ń ṣe púpọ̀ sí i bí omi bá ṣe pẹ́ nínú táǹkì àti páìpù. Ẹni tó bá ń fi ojú nìkan wo omi á ṣìnà.

Bí ìṣirò òfin ṣe lọ nìyí. Ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti ń mú omi wò, ìpíndọ́gba ìdá mẹ́rin ọdún ni wọ́n ń lò. Bí ilé iṣẹ́ kan bá rí 45, 60, 130 àti 65, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300, ìpíndọ́gba 75: kò rú òfin, bẹ́ẹ̀ ìdá kẹta ọdún náà burú gan-an. Ọdún tó tẹ̀ lé e, tí 130 bá di 155, tí àwọn yòókù ò sì yí padà, ó ti di 81, ó ti rú u.

Oògùn rẹ̀ kò ju álọ́ọ̀mù lọ, èyí tí àwọn ìyá wa ń jù sínú omi odò kó lè tòrò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣòro. Kọ́ọ̀bù ìdánwò mẹ́fà ni wọ́n ń tò, lítà méjì-méjì omi nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Po álọ́ọ̀mù gíráàmù 10 sínú lítà omi kan. Mílílítà kan nínú rẹ̀ á fún kọ́ọ̀bù lítà méjì ní mílígíráàmù 5 nínú lítà kan. Bẹ̀rẹ̀ láti 10, máa fi 10 kún un dé 60. Rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí ìyípo 100; rò ó jẹ́jẹ́ ní ìyípo 30 láàárín ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún ogún ìṣẹ́jú, kí ìdọ̀tí lè so mọ́ra; jẹ́ kó silẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fa omi láti abẹ́ ojú rẹ̀, má fa láti òkè pátápátá, sẹ́ ẹ, kí o tó wọn káábọ́ọ̀nù. Ibi tí a ti ń dúró ni ibi tí àfikún mílígíráàmù 10 álọ́ọ̀mù kò ti lè yọ tó 0.3 mílígíráàmù káábọ́ọ̀nù mọ́ nínú lítà kan. Lẹ́yìn ibẹ̀, owó lásán là ń ná.

Ibi tó ń já wọn kulẹ̀ jù ni pé omi orí òkè fẹ́lẹ́, kò ní èròjà ilẹ̀ tó lè gba kíkan (ásíìdì) tí álọ́ọ̀mù ń mú wá mọ́ra. Mílígíráàmù kan álọ́ọ̀mù ń jẹ nǹkan bí ìdajì mílígíráàmù nínú agbára omi láti kojú kíkan yìí. Omi tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 25 nínú lítà kan, tó bá gba álọ́ọ̀mù 40, á ku 5 péré. Omi á kan, ìdọ̀tí ò ní dì pọ̀, òṣìṣẹ́ á rò pé álọ́ọ̀mù ò tó, á tún bu sí i, á sì bà á jẹ́ sí i. Ẹfun tàbí soda ash, tí wọ́n ń dín kíkan omi kù, ló yẹ kó ṣáájú nígbà náà. Òfin ń béèrè pé bí káábọ́ọ̀nù omi àìṣe bá wà láàárín mílígíráàmù 2 sí 4 nínú lítà kan, tí agbára láti kojú kíkan ò sì ju 60 lọ, kí wọ́n yọ ó kéré tán ìpín 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ju 4 lọ dé 8, ìpín 45. Ilé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ò pọ̀ lè rí ìtura púpọ̀ láti ibi ìyípadà kan ṣoṣo: kó gbé kílórínì kúrò níbi tí omi ti ń wọlé, kó gbé e lọ sí ẹ̀yìn ibi tí ìdọ̀tí ti silẹ̀, nígbà tí káábọ́ọ̀nù ti dín kù.

Àwọn kan ti ń bẹ̀rù náítíréètì náà, èròjà ajílẹ̀ tí omi lè gbé láti inú ilẹ̀ wọ odò. Kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò, nítorí pé àwọn igi kéékèèké ọjọ́sí ló ń jẹ ẹ́.

Iná

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2020, iná East Troublesome bẹ̀rẹ̀ ní Grand County. Lọ́jọ́ 21, afẹ́fẹ́ gbé e, ó jó ilẹ̀ tó ju 80,000 éékà lọ láàárín ọjọ́ kan, ó fo orí òkè tó pín omi Amẹ́ríkà sí méjì, ó sì bọ́ sí apá ìlà-oòrùn. Gbogbo ohun tó jó jẹ́ 193,812 éékà. Lápá kejì, iná Cameron Peak tó ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ jó 208,913 éékà, èyí tó tóbi jù nínú ìtàn Colorado.

Ṣé kòkòrò ló fa iná? Rárá. Ọ̀dá àti afẹ́fẹ́ ló gbé e. Igi pupa tètè ń gbiná nítorí ewé gbígbẹ; igi eérú-eérú ò ní ewé tí iná máa gbà sáré lórí. Àmọ́ nígbà tí òpó òkú bá ti ń wó lura, ó ń di ìtí igi nílẹ̀, iná tó bá jó ibẹ̀ á pẹ́, á gbóná, á jó ilẹ̀ wọnú. Ilẹ̀ tó jó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ gba omi mọ́. Òjò tó bá rọ̀ lé e á gbá eérú, ẹrẹ̀ àti òkúta lọ sínú odò lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ 20 oṣù Keje 2021, irú òjò bẹ́ẹ̀ rọ̀ lórí ilẹ̀ tí Cameron Peak jó, ìkún omi ní àfonífojì Poudre sì pa èèyàn mẹ́rin.

Fort Collins ń mu omi láti ibi méjì, odò Poudre àti adágún Horsetooth tí omi ihò Adams ń kún. Ìlànà rẹ̀ rọrùn: bí odò bá dúdú, ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa, fa ti adágún. Ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ ní 2021. Ṣùgbọ́n ní 2020, ilẹ̀ tó ń bọ́ orísun méjèèjì ló jó lọ́dún kan náà, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ṣètò fún. Adágún kàn ń ra àkókò ni. Ẹrẹ̀ tó silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní apá Denver, níbi tí iná 1996 àti 2002 ti jó, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkòrò rárá, ilé iṣẹ́ omi ìlú náà ná ju mílíọ̀nù 27 dọ́là lọ lórí ẹrẹ̀ àti àtúnṣe. Ìyẹn ló mú kí òun àti àjọ igbó ìjọba àpapọ̀ fi mílíọ̀nù 33 dọ́là sílẹ̀ ní 2010 láti tọ́jú igbó ṣáájú iná.

Nípa igi òkú tó ṣì dúró, kò sẹ́ni tó lè gé mílíọ̀nù éékà. Ibi tó yẹ ká gé ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí ẹnu omi, abẹ́ wáyà iná tó ń gbé ẹ̀rọ fífa omi ṣiṣẹ́, àti etí adágún, kí ìtí má bàa wó dí ẹnu páìpù. Etí odò kékeré, ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí gbogbo igi ibẹ̀ bá ti kú: ọkọ̀ ńlá tó bá tẹ ilẹ̀ rirọ̀ yẹn lè da ẹrẹ̀ sínú omi ju èyí tí igi òkú máa dà lọ. Ní òkè tó bá sì ti jó, igi tí a lọ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fi hẹlikópítà fọ́n sórí ilẹ̀ ṣáájú òjò oṣù Keje. Èyí tó bá pẹ́ dé ẹ̀yìn òjò náà kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ẹrẹ̀ á ti dé inú adágún.